Sìmẹ́ńtì Tútù Ń Jó Ara: Bí A Ṣe Lè Lò Ó Nílé, àti Bí A Ṣe Lè Da Ìyókù Rẹ̀ Nù Láì Pa Ẹnikẹ́ni Lára

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn lè máa wí pé kí ni sìmẹ́ńtì wá ṣe ní ojú ìwé ìlera, pé àwọn bíríkìlà àti agbaṣẹ́ṣe ni kí á lọ sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Ní ìgboro òde òní, kò sí ilé tí sìmẹ́ńtì kò wọ̀. Onílé ń fi dí ibi tí ògiri ti là, ayálégbé ń fi tún ilẹ̀ balùwẹ̀ ṣe, àwọn ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré níbi tí bíríkìlà ti ń po ó. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ń kọ́lé, gbogbo àdúgbò ni ó ń fa eruku rẹ̀ símú.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Sìmẹ́ńtì tútù a máa jó ara, ìgbà púpọ̀ ni kì í sì í dun ènìyàn nígbà tí ó bá ń jó o lọ́wọ́. Eruku kọnkéré a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pẹ́ ní ọdún púpọ̀ kí ó tó hàn. Ìyókù tí a bá dà sí gọ́tà yóò padà wá bá wa nílé. Ohun tí a ó fi dènà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ́n: omi mímọ́, bàtà rọ́bà, ọ̀rá, àti àkíyèsí.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Bíríkìlà kan ará Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Aspdin, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pè ní Portland, ní ọdún 1824. Ó fún un ní orúkọ náà nítorí pé bí ó bá dì tán, ó jọ òkúta ilé kan tí wọ́n ń wà ní Portland. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ Ewékorò tí ó wà ní ọ̀nà Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní ọdún 1960, ti Ṣágámù sì tẹ̀lé e ní ọdún 1978. Òkúta ẹfun tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó gbé wọn débẹ̀.

Òkúta ẹfun yìí ni wọ́n máa ń lọ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀, tí wọ́n á sì yan án nínú ààrò ńlá tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 1,450 ní òṣùwọ̀n Celsius. Omi tí a fi ń po ẹ̀bà kò ju 100 lọ nígbà tí ó bá ń hó, ẹ fi wé e. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, kí wọ́n tó dì í sínú àpò.

Nígbà tí ó bá gbẹ, ó dà bí ẹni pé kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn án báyìí, ó ń tú èròjà ẹfun kan jáde tí ó mú bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ omi eérú rí mọ bí ó ṣe ń jẹ ìka. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn irú nǹkan báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 0 títí dé 14. Omi lásán wà ní 7. Awọ ara wa wà ní bíi 5 sí 6. Sìmẹ́ńtì tútù wà ní 12 sí 13. Ìṣísẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n yìí sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láti 7 dé 12 kò jìnnà.

Ó Ń JẸ, Ó Ń FẸ́ BÍ ÈKÚTÉ

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa èkúté. Bí ó ti ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó sùn ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, onítọ̀hún kò ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sìmẹ́ńtì tútù. Iná a máa jó ni, a ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn kíákíá. Sìmẹ́ńtì kò fún wa ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí ó máa rẹ́ ilẹ̀ lọ, kí ó máa kọrin, kí ó má sì mọ̀ pé awọ orúnkún òun ti ń kú. Alẹ́ ni ara yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Nígbà mìíràn, ọjọ́ kejì ni. Nígbà tí ó bá fi máa wò ó, awọ ibẹ̀ ti lè pupa, ó ti lè wú roro, tàbí kí ó ti dúdú. Bí ó bá ti wọnú jù, dókítà lè ní láti bó awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ kí ó fi bo ojú egbò náà.

Ibi tí ó ti ń mú ènìyàn jù ni orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ìka àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bàtà tí sìmẹ́ńtì wọ̀ burú ju ẹsẹ̀ lásán lọ, nítorí pé ó há a mọ́ ara bí ìgbà tí a fi aṣọ di egbò. Ṣòkòtò tí sìmẹ́ńtì ti rin bákan náà ni. Ẹni tí sìmẹ́ńtì bá wọ bàtà rẹ̀ kò gbọdọ̀ wí pé òun yóò parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ òun ná. Kí ó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí ó fọ ẹsẹ̀ àti bàtà, kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òrùka àti aago ọwọ́ pàápàá a máa há sìmẹ́ńtì mọ́ awọ. Kí a bọ́ wọn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tún wà. Nínú sìmẹ́ńtì, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní chromium. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara àwọn ènìyàn kan kọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọn yóò máa yún wọn, yóò máa là, yóò máa ṣe omi. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà púpọ̀ ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ayé onítọ̀hún, débi pé bíríkìlà mìíràn ti torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè Denmark ṣe òfin ní ọdún 1983 pé kí àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ńtì fi èròjà irin kan sí i láti pa agbára chromium náà. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union yòókù gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Nítorí náà, bí ọwọ́ ọkọ yín tàbí ọmọ yín tí ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà bá ń là tí ó sì ń yún un ṣáá, ẹ má ṣe wí pé èpè ni, ẹ má sì wí pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹ jẹ́ kí ó lọ rí dókítà, kí ó sì sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún un.

BÍ Ó BÁ TI KAN ARA, KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ gé ìpín yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́.

Èkíní, bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò lára, kí ẹ tó bu omi sí i.

Èkejì, ẹ bọ́ aṣọ, bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti òrùka tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa da omi mímọ́ sí i. Kí omi náà máa ṣàn, kí ó tó ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ inú garawa kan náà tí wọ́n ti fọ ṣọ́bìrì sí, nítorí omi sìmẹ́ńtì ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí ó bá lé ròrò, bí ó bá funfun tàbí tí ó dúdú, bí ó bá wà ní oríkèé, tàbí bí ó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó fara pa lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi epo pupa sí i, ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi ẹyin sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pé kíkan rẹ̀ yóò pa agbára ẹfun. Omi ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, omi púpọ̀.

Ojú ni ó léwu jùlọ. Bí sìmẹ́ńtì bá ta sí ojú, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó ń fẹ́ kí ó tó jó ẹyinjú, nítorí pé irú èròjà yìí kì í dúró lójú kan, ó ń wọnú lọ ni. Kí ẹni tí ó wà nítòsí mú onítọ̀hún lọ sídìí omi. Kí ó fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè sódò, kí ó máa da omi mímọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹni náà sì máa yí ẹyinjú káàkiri. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtọ̀, omi ọmú, omi ṣúgà tàbí oògùn tí ó ṣẹ́kù nínú ìgò ẹlòmíràn sí i. Ojú tí ó yẹ kí ó là ti fọ́ nípasẹ̀ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọdé bá mu nínú omi sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ìka sí i lọ́fun kí ó lè bì. Ohun tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń padà bọ̀.

ERUKU TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ògiri tí ó ti dì tán. Kọnkéré tí ó ti gbó kì í jó ara mọ́ bíi ti tútù, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń fọ́ ọ, tí a bá ń lu ihò sí i, tàbí tí a bá ń fi ẹ̀rọ gé e. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ní èròjà kan tí ń jẹ́ silica. Bí a bá gé e, yóò di eruku. Èyí tí a ń rí, tí ó ń bà lé wa lórí tí ó sì ń sọ irun di funfun, imú àti ọ̀fun a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Èyí tí ó kúnná débi pé ojú kò rí i ni ó ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ń jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró kò lè jẹ òkúta. Yóò máa gbìyànjú, yóò máa ṣe àpá yí i ká. Bí àpá náà bá pọ̀, ẹ̀dọ̀fóró yóò le, kò ní lè fẹ̀ dáadáa mọ́, ẹni náà yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Silicosis ni àwọn dókítà ń pè é. Kò ní oògùn tí ó lè wò ó sàn. Ìdènà nìkan ni a ní. Ó tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ife, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró tí silica bá ti bà jẹ́ kò lè bá kòkòrò ikọ́ ife jà bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1700 pé àwọn tí ń gbẹ́ òkúta ń fa eruku símú, ó sì ń sọ wọ́n di oníkọ́. Ní ọdún 1997, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé irú eruku silica yìí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún àwọn tí ń fà á símú lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí ó lu ihò kan ṣoṣo láti gbé àwòrán kọ́ kò ní kú nítorí ìyẹn. Ẹni tí ń gé búlọ́ọ̀kù tàbí táìsì lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá ni a ń sọ, àti ìdílé tí ń gbé nínú ilé tí wọ́n ń tún ṣe fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí a lè ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí omi wà nídìí gbogbo iṣẹ́ tí ó lè mú eruku wá: ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó fọ́ ọ, kí ẹ̀rọ tí ń gé táìsì máa gba omi bí ó ti ń gé. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá eruku sìmẹ́ńtì ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ìbòmú tí ó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, tí a ṣe fún eruku, ni ó yẹ òṣìṣẹ́. Aṣọ ìnujú tí a so mọ́ imú kò lè dá èyí tí ó kúnná dúró. Kí òṣìṣẹ́ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó tó gbé ọmọ. Kí a fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kí a má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ìtẹ́dìí ọmọ.

DÍDA ÌYÓKÙ NÙ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣe àṣìṣe. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó fọ ṣọ́bìrì, bárò àti garawa, a ó sì da omi rẹ̀ sí gọ́tà, pé òjò yóò gbé e lọ. Òjò kì í gbé e lọ. Sìmẹ́ńtì yàtọ̀ sí ẹrẹ̀: inú omi gan-an ni ó ti ń dì. Èyí tí a dà lónìí yóò sùn sí ìsàlẹ̀ gọ́tà, yóò di òkúta. Tọ̀la, èyí tí aládùúgbò dà yóò gun orí rẹ̀. Láìpẹ́, gọ́tà tí ó jìn tẹ́lẹ̀ yóò di pẹrẹsẹ. Omi yóò dúró, ẹ̀fọn yóò yé sí i, ibà yóò sì wọlé. Omi sìmẹ́ńtì tí ó bá sì dé odò kí ó tó dì yóò pa ẹja, nítorí ohun tí ń jó awọ wa náà ni yóò jó ìjàgbọ̀n wọn.

Àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù August, ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tí ó gbé ènìyàn àti ilé lọ. Omi tún yalé ní ìlú kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù August, ọdún 2011. Òjò ńlá ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí ọwọ́ ènìyàn dà sí ojú omi wà lára ohun tí ó dí ọ̀nà. Àbùkù kọnkéré tí a dà sí etí odò lórú, kí wolé-wolé má bàa rí wa, ara pàǹtírí ni.

Báwo ni kí á ṣe wá dà á nù? Ẹ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ìyókù má pọ̀. Ẹ po ìwọ̀nba tí iṣẹ́ ọjọ́ náà ń fẹ́. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ọ̀rá wé àpò rẹ̀, ẹ gbé e sórí pákó kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì fara ti ògiri tútù. Tàbí kí ẹ fún aládùúgbò tí ó ń wá a. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Èyí tí ó bá ti dì nínú àpò, ẹ má ṣe fọ́ ọ kúnná kí ẹ tún fi kọ́ nǹkan, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ fi dí kòtò.

Èyí tí a ti po tí ó ṣẹ́kù, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi pákó mẹ́rin ṣe àpótí kékeré, kí ẹ dà á sí i, yóò di òkúta tí a lè fi ṣe ìtẹ̀sẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi tàbí ìdérí gọ́tà kékeré. Bí ẹ kò bá ní àpótí, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ dà á lé e, kí ẹ jẹ́ kí ó dì di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì dá ọmọdé àti adìyẹ dúró. Bí ó bá ti dì, ó di òkúta lásán tí a lè fi kún kòtò.

Omi tí a fi fọ irinṣẹ́ ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sí ibi tí ó jìnnà sí kàǹga àti ọgbà ẹ̀fọ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sí i, ẹ da omi náà síbẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì, sìmẹ́ńtì yóò ti rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ bu omi òkè fi po èyí tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà. Omi òkè yìí mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹfun ṣì wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fọ ọwọ́ tàbí kí ó fún ẹran mu. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹ ká ọ̀rá náà pẹ̀lú ohun tí ó dì sínú rẹ̀. Ẹ fi nǹkan bo kòtò yìí ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣí, kí ọmọ má bàa já sí i. Ẹ má sì da omi sìmẹ́ńtì sí ṣáláńgá tàbí ilé ìyàgbẹ́ alómi: páìpù rẹ̀ yóò dí, ẹ ó sì san owó tí ó ju ti àpò sìmẹ́ńtì lọ.

Ìwé àpò sìmẹ́ńtì náà ńkọ́? Ó lágbára, ó sì ń wu ènìyàn láti tọ́jú. Ẹ má ṣe fi di ẹran, ẹ má fi di gaàrí, ẹ má fi bo ìkòkò. Ìyẹ̀fun tí ó ṣẹ́kù nínú ìpele rẹ̀ kò ní tán bí ó ti wù kí a gbọ̀n ọ́n tó, gbígbọ̀n pàápàá a máa gbé eruku dìde. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ ká a, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kó o fún àwọn tí ń kó ilẹ̀. Ẹ má ṣe sun ún ní ẹ̀yìnkùlé.

Àlàpà ògiri tí a wó, ẹ ṣà á. Irin inú rẹ̀ ní olùrà. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré tí ó mọ́ wúlò fún dídí kòtò àti fún ìsàlẹ̀ ilé, ẹni tí ń kọ́lé nítòsí lè wá kó o. Èyí tí kò wúlò, ẹ bi àwọn tí ń kó ilẹ̀ ní àdúgbò yín léèrè ibi tí ìjọba yàn fún un àti iye tí yóò gbà. Ní Èkó, LAWMA ni kí ẹ bi. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ilé ìdáná, ẹ má sì kó o sí etí títì. Ìṣó àti irin tí ó yọ jáde nínú rẹ̀ ń gún ọmọ lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì sì ń gbà wọlé.

ILÉ ÀTIJỌ́ ÀTI KÀǸGA TUNTUN

Bí ẹ bá fẹ́ wó ilé tí ó ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo òkè. Púpọ̀ nínú páànù eléérú tí ó nípọn àti pákó àjà tí wọ́n ń lò láyé ijọ́un, sìmẹ́ńtì tí a po pọ̀ mọ́ asbestos ni. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láì fọ́, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ọjọ́ tí a bá fi òòlù lù ú ni fọ́nrán rẹ̀ tí ojú kò rí yóò fò sínú afẹ́fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oríṣi asbestos gbogbo ni ó ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó ogún sí ogójì ọdún kí ó tó hàn. Ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má gé e, ẹ má sì fi bo ilé adìyẹ. Ẹ bi ọ́fíìsì ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá já bọ́, ẹ wọ́n omi sí i kí ó rin, ẹ fi ọ̀rá tí ó nípọn dì í ní ìlọ́po méjì, ẹ gbé e sọ́tọ̀ títí wọn yóò fi sọ ibi tí ẹ ó gbé e lọ.

Ti kàǹga tuntun tí a ri rìǹgì kọnkéré sí, tàbí táǹkì omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, ẹ má ṣe kánjú mu omi rẹ̀. Ẹfun inú sìmẹ́ńtì tuntun yóò máa bọ́ sínú omi. Ẹ jẹ́ kí ó dì dáadáa, ẹ fi omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó sùn níbẹ̀, ẹ gbọ́n ọn dà nù, ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi se oúnjẹ.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ẸNI TÍ Ó GBÉ IṢẸ́ JÁDE

A ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹ̀yin onílé sọ. Ẹ̀yin ni ẹ ń ra iyanrìn, ẹ̀yin ni ẹ ń ra irin. Ẹ ka bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ tí omi kò lè wọ̀, ìbòmú àti jígí ojú mọ́ ohun tí a ń rà fún ilé. Ẹ jẹ́ kí garawa omi mímọ́ kan àti ọṣẹ wà níbi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi fọ ṣọ́bìrì. Àpò sìmẹ́ńtì kan wọn 50 kìlógíráàmù. Kí ènìyàn méjì máa gbé e, ẹ̀yìn ọ̀dọ́mọkùnrin kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn kò gbọdọ̀ ru kọnkéré tútù, nítorí èyí tí ó bá ń kán láti inú àwo orí rẹ̀, ara ọmọ ni yóò bà lé.

Iye tí gbogbo èyí yóò náni kò tó owó ìtọ́jú ojú kan. Lébírà tí ó bá fi orúnkún gbígbóná sùn nílé yín kò ní sọ fún yín, ẹ̀rù á bà á kí ẹ má lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ bi í. Bí ẹ bá rí i tí ó kúnlẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì láì fi nǹkan sábẹ́ orúnkún, ẹ pè é dìde, ẹ bu omi fún un, ẹ fún un ní pákó tí yóò kúnlẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ọkọ yín bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tún ilẹ̀ balùwẹ̀ ṣe ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ bá a wá bàtà kí ó tó bu omi sí sìmẹ́ńtì.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ilé á tura o.